Ẹ̀yìn Ìwé Àwìn

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí òjò yìí dá ná, ká tó wọnú ẹrẹ̀ yẹn."

Ọmọkùnrin ajẹ́ǹtì tó fẹ́ mú mi lọ wo ilẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Ó sá sábẹ́ páànù ìsọ̀ oní-POS kan lọ́nà Akóbọ̀, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Èmi ti wọ bàtà òjò mi láti ilé. Mo ní, "Ọmọ mi, òjò yẹn gan-an ni mo wá wò." Ó wò mí, ó wo ojú ọ̀run, ó tún wò mí. Mo mọ ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀. Kò sì jẹ̀bi. Ta ló ń fi òjò wo ilẹ̀? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mú èèyàn lọ, nígbà tí koríko ti kú, tí ọkọ̀ ń wọlé dé ìdí ilẹ̀, tí gbogbo ibẹ̀ tẹ́jú bí àwo. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lèmi náà lọ wo àkọ́kọ́ tèmi.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà. Ní 1980, ìsọ̀ wọn wà ní Ògùnpa, nísàlẹ̀, kò jìnnà sódò rárá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ lòjò tí gbogbo Ìbàdàn ń pè ní Omíyalé rọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ìyá mi ò sí lọ́jà, ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n bá a lọ nìyẹn. Odò Ògùnpa kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni èmi rántí: ìyá mi jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá wa ní Agbeni, bàsíà mẹ́ta yí wọn ká, wọ́n ń fún ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ. Aró ti ṣí, búlúù ti wọ inú funfun, pupa ti wọ inú gbogbo rẹ̀. Wọn ò sunkún. Wọ́n ń fi apá wọn ọ̀pá aṣọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń fún un, wọ́n ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àfi bí ẹni pé oníbàárà kan dúró síwájú wọn.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú jáde nínú omi yẹn le koko: àwọn ò tún ní gba ìsọ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ títí ayé. Nígbà tí wọ́n rówó tún ìdí múlẹ̀, wọ́n gba yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Gbági àtijọ́, níhà Dùgbẹ̀, níbi tí omi ò dé rí. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni. Mo mọ iye rẹ̀ torí èmi ni mò ń ru aṣọ gùn ún lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n lówó lọ́wọ́, tí wọ́n lè ra odidi bọ́ndùlù léèkan, orúnkún ń dùn wọ́n. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rajà tán. Lójú mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìsọ̀ ìsàlẹ̀ ṣófo nínú ilé yẹn kan náà, tí onílé ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ wá. Ìyá mi á ní, "Ojú mi ti rí omi." Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ohun tí omi ò rí gbé lọ́wọ́ wọn ní 1980, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún gbé e díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún.

Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Àmọ́ mo ti wá ń bá òwe kan jà nítorí wọn. Wọ́n máa ń ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tí mo gbọ́ tó pa á, àgbà ló fi ń yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ibi tó yẹ kójú dúró sí lẹ́yìn ọ̀hún. Ìyá mi wẹ̀yìn lóòótọ́. Omi ni wọ́n rí, torí omi ló pariwo jù. Wọn ò wo ẹ̀yìn omi: pé àwọn èèyàn ti kọ́lé wọ inú ọ̀nà odò, pé ìdọ̀tí ọjà ti dí i lọ́fun, pé ìsọ̀ àwọn gan-an wà níbi tí odò máa ń nà ẹsẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ kọ́ rárá. Ìsàlẹ̀ Gbági àtijọ́ yẹn ò ṣẹ̀ wọ́n.

Ó wá kan èmi. Nínú oṣù Kejì ọdún 2010, mo san 450,000 náírà lórí pílọ́ọ̀tì kan níhà Apẹtẹ. Èmi tí mo mọ ìtàn Ògùnpa látòkè délẹ̀, tí mo fi orí ara mi sanwó rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, torí ojú mi ò fọ́. Ọ̀gbun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà, ó gbẹ kanrangandan, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Kókò tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo koríko yòókù ti di ohun ìdáná. Mo tiẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí kókò yẹn. Mo ní, "Ilẹ̀ yìí mà lọ́ràá o." Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Wọ́n ní kí ni mo rò pé kókò ń mu.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ààwẹ̀ Ramadan ń parí lọ. Òjò ṣú nírọ̀lẹ́, kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú dáadáa. Afárá Apẹtẹ bá omi lọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, omi gbé ẹja inú ọ̀sìn wọn lọ, ó wọ ọgbà ẹranko. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tún kú nínú ìlú kan náà, nínú oṣù kan náà, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, tèmi ò tó ohun tí à ń dá lẹ́kún: ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́rin tí mo ti gbé ga dé orúnkún, búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀ta, tírípù iyanrìn méjì. Nígbà tí a fi rí ọ̀nà yí gbà débẹ̀, ọ̀gbun tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di odò, ìpìlẹ̀ mi ló sì wà láàárín rẹ̀. Fíríìjì ẹnì kan jókòó sórí rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, igo omi kan ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ajẹ́ǹtì, òpùrọ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí mo gbé kúrò nídìí fíríìjì yẹn nìyẹn. Fún ọdún púpọ̀, mò ń sọ ìtàn náà fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi ní Gbági tuntun, pé mo bi ọkùnrin yẹn léèrè pé ṣé omi kì í dé ibí, pé ó gbójú wò mí, ó ní, "Omi kẹ̀? Rárá o." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn sí i. Ní 2014, opó kan fẹ́ ta ilẹ̀ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ níhà Ológunẹ̀rù, ilẹ̀ gíga, ìwé rẹ̀ pé. Torí pé ajẹ́ǹtì ló gbé e wá, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo lé e kúrò nísọ̀ mi. Ẹni tó rà á ti kọ́lé, ó ti fi yàrá méjì ṣe ìsọ̀ níwájú. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Àtẹ̀gùn tèmi nìyẹn.

Ìwé àwìn ló tú mi fó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń tajà mọ ìwé yẹn: ìwé olójú-ewé púpọ̀, èèpo rẹ̀ ti bó, bírò ni a fi okùn so mọ́ ọn. Níwájú rẹ̀ ni orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó wà. Ìyá Ìbejì Ojé, ọ̀pá mẹ́wàá, ó kù 2,000. Ìyàwó Pásítọ̀, léèsì aláwọ̀ ewé, ó ní òun ń bọ̀ lópin oṣù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí, láti ìgbà tí mo ti dá dúró, nígbà tí ọjà bá tutù lọ́sàn-án. Kì í ṣe nǹkan ńlá. Ọjọ́ tí mo dá àjọ, ọjọ́ tí mo yá ẹnì kan lówó, ọjọ́ tí inú bí mi. Ní 2017 ni mò ń wá gbèsè àtijọ́ kan kiri, mo ṣí ìwé ọdún 2010 láti ẹ̀yìn, mo sì ka ìlà mẹ́ta tí mo fọwọ́ ara mi kọ lọ́jọ́ tí mo ra ilẹ̀ Apẹtẹ:

"Mo ti san ti ilẹ̀. Wọ́n ní Alhaji kan ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú owó rẹ̀ lódidi. Mi ò tíì sọ fún bàbá àwọn ọmọ."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń wá ibi tí mo ti bèèrè omi. Kò sí níbẹ̀. Mo jókòó, mo pa ojú dé, mo wá ojú ọkùnrin náà rántí, ohùn rẹ̀, okùn tó fi ń wọn ilẹ̀, mo sì rí i pé "Omi kẹ̀?" tí mò ń fi ohùn rẹ̀ sọ láti ọdún yìí wá, èmi ni mo rán an sí i lẹ́nu. Mi ò bi í. Ọ̀rọ̀ omi ò wọ àárín wa rí. Mo ti sọ ìtàn yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba ara mi gbọ́. Ojú tì mí níwájú aṣọ mi.

Ẹni bá ń wo ẹ̀yìn láìní ìwé lọ́wọ́, ìtàn tó ti tún ṣe ló ń wò. Mi ò rò pé ẹ̀tàn ni. Ọkàn èèyàn ò fẹ́ kó jẹ́ òun ló jẹ̀bi, a máa wá ẹni tí yóò gbé ẹrù náà fún. Ajẹ́ǹtì sì wà nítòsí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹ̀yìn àwọn ìwé yòókù. Ní 2016, nígbà tí gbogbo ọjà ń sọ̀rọ̀ ìlọ́po owó, mo fi owó àjọ mi sínú ọ̀kan nínú àwọn ètò yẹn; ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ tí mo sanwó ni pé, "Wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn." Ṣáájú ìyẹn, mo bá àbúrò ọkọ mi dá owó ra Micra kan láti fi ṣe kábúkábú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lo oṣù mẹ́ta. Ojú ewé ti Micra: "Bí a ò bá gbé e lónìí, ẹlòmíràn á gbé e lọ́la." Mo mú bírò pupa, mo fa òbìrí yí ọ̀la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Ẹnu ajẹ́ǹtì kọ́, ẹnu ẹlétò kọ́, ẹnu mẹkáníìkì kọ́. Ọ̀la ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe ọ̀la lójú mi, ọwọ́ mi á ti wọnú pọ́ọ̀sì.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ì bá rọrùn. Ojú ewé kan wà tí kò bá ìyókù mu, òun ló sì dùn mí jù, torí èrè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2019, mo gba léèsì àwìn lọ́wọ́ àwọn olówó ńlá, owó tí mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ìgbéyàwó pọ̀ nínú oṣù Kejìlá yẹn bí eéṣú. Aṣọ ẹbí tà tán kí Kérésìmesì tó dé. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, lẹ́tà gàdàgbà: "Mo ti mọ ọ̀nà rẹ̀." Mi ò kánjú o, mo jókòó, mo ṣírò, mo bá bàbá àwọn ọmọ sọ ọ́. Nínú oṣù Kejì ọdún 2020, mo gba ìlọ́po méjì rẹ̀ sílẹ̀ de àsìkò Àjíǹde. Ní ìparí oṣù kan náà ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kọ́rọ́nà l'Ékòó. Kí oṣù Kẹta tó parí, òde àríyá ti di èèwọ̀. Ẹ ò lè mọ bí léèsì ṣe ń wúwo tó bí kò bá lọ. Mò ń gbọn eruku kúrò lára rẹ̀ títí di 2021.

Kọ́rọ́nà kì í ṣe ẹ̀bi mi, kò sẹ́ni tó rí i tẹ́lẹ̀. Àmọ́ "Mo ti mọ ọ̀nà rẹ̀" yẹn, ẹ̀bi tèmi ni. Ọ̀nà wo? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rìn ín. Orí ló ṣe é fún mi, mo gbé ìyìn fún ọgbọ́n. Ẹni tó pàdánù a máa tú ọ̀ràn rẹ̀ wò, a máa bi ara rẹ̀ léèrè. Ta ló jèrè tó jókòó bi ara rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀? Ijó la máa ń jó. Láti ìgbà yẹn, bí ọjà bá tà dáadáa, mo máa ń kọ ohun tí mo rò pé ó fà á, màá sì kọ ohun tí kì í ṣe ọgbọ́n mi níbẹ̀: ìgbéyàwó ọmọ olówó kan, owó oṣù tó jáde lásìkò, òjò tí kò rọ̀ ní Sátidé.

Bàbá àwọn ọmọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí mo bá ti ní ìwé yẹn nígbà tí àwọn wá fẹ́ mi, màá ṣì máa kọ ọ́ títí di òní. Wọ́n jàre. Mo rí wọn níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, ọ̀sẹ̀ kẹta mo ti mọ̀.

Ibì kan sì wà tí ìwé náà ò mú mi dé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin parí àgùnbánirọ̀, ó ní òun ò wáṣẹ́ ọ́fíìsì, òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ bàtà ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi. Mo ti fẹ́ fi 1980 bẹ̀rẹ̀. Mo wá lọ tú ẹ̀yìn gbogbo ìwé mi, láti èyí tó gbó jù. Mi ò rí ojú ewé kankan lórí kéèyàn fi ìwé ẹ̀rí sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Mi ò ṣe é rí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ara mi ni mo fẹ́ dì lé ọmọ lórí, kí n pè é ní ìrírí. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń gbà, mo sì san ìdajì.

Mo máa ń ro ìlú yìí náà nígbà míràn. Omíyalé 1980 kò kéré, síbẹ̀ a tún kọ́lé wọ inú ọ̀nà omi títí 2011 fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí àgbàrá Ìbàdàn. Mi ò lè bú ìlú. Mo ra ilẹ̀ létí odò pẹ̀lú etí tó gbọ́ ìtàn Ògùnpa láti kékeré.

Ẹ jẹ́ ká padà s'Ákóbọ̀. Òjò náà ò tètè dá. Mo gbé agbòòrùn, ajẹ́ǹtì tẹ̀lé mi pẹ̀lú ọ̀rá lórí. Omi dúró ní igun kan nínú ilẹ̀ náà, ó tó ìwọ̀n kókósẹ̀. Mo ní ká dúró. A dúró lójú òjò bí ère. Kò tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí òjò dá tí omi igun yẹn fi lọ. Mo wo ara ògiri ilé tó wà nísàlẹ̀, mi ò rí ilà ẹrẹ̀ kankan. Mo sọdá lọ bá ìyá tó ń dín àkàrà, mo ra ti 500 náírà, mo bi wọ́n pé ọdún mélòó ni wọ́n ti ń dáná níbẹ̀, ṣé omi ti lé wọn dìde rí. Wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ní rárá. Mo rí i pé ilẹ̀ náà dára. Mo bi ajẹ́ǹtì léèrè ìwé, ó ní ó wà. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí sọ́fíyọ̀ mi lọ wò ó ní Sẹkitéríàtì.

Ó fi ọwọ́ nu omi kúrò lójú. "Mọ́mì, ẹnì kan ń bọ̀ wá sanwó lọ́la o."

Ẹ̀rín pa mí, ó pa mí débi pé ìyá alákàrà bojú wò wá. Ọmọ náà ò mọ ohun tí mò ń rín. Mo ní, "Jẹ́ kó san án, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pè mí. Ẹni náà ti san án. Mo rò pé ọgbọ́n àtijọ́ ni, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ wò ó: wọ́n ti já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Òjò oṣù Keje rọ̀, ti oṣù Kẹsàn-án rọ̀, mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì nínú Micra. Ilẹ̀ náà gbẹ bí ẹni ń fọkàn rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé: "Ilẹ̀ Akóbọ̀ ti lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́la wá lóòótọ́. Ilẹ̀ náà dára. Ó dùn mí." Mo fi ọjọ́ sí i. Mo ti ń ronú ohun tí màá kọ tẹ̀lé e nígbà tí Ìyá Ìbejì wọlé, tó tú ìdí ìró rẹ̀, tó ka 2,000 náírà sórí tábìlì fún mi, ó ní kí n má bínú, kí n wá ọ̀pá mẹ́fà ańkárá tó dára fún òun, òun á san án lópin oṣù. Mo yí ìwé náà padà síwájú.